Ṣé eré ìdárayá lè wo àìsàn ìsoríkọ́ sàn?

Òǹkàwé kan tó ń gbé ní Òṣogbo kọ̀wé sí mi báyìí: “Ẹni ọdún 47 ni mí, òṣìṣẹ́ ìjọba sì ni mí. Láti bí oṣù 4 sẹ́yìn, kò sí ohun tó wù mí í ṣe mọ́. Ojú mi máa ń là ní aago 3 òru, n kò sì ní lè sùn mọ́. Oúnjẹ kò lọ lẹ́nu mi. Orí mi máa ń gbóná bí ẹni pé wọ́n dá iná sí i. Dókítà sọ fún mi pé ìsoríkọ́ ni, ó kọ fluoxetine fún mi, ó sì ní kí n máa ṣe eré ìdárayá. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n da oògùn náà nù, pé eré ìdárayá nìkan ti tó. Ìyàwó mi ní tirẹ̀ gbà pé ọ̀lẹ ló ń ṣe mí. Ṣé òótọ́ ni pé eré ìdárayá ń wo àìsàn yìí? Báwo ló ṣe yẹ kó pọ̀ tó? Báwo ni mo sì ṣe fẹ́ ṣe é, nígbà tó jẹ́ pé àtidìde lórí ibùsùn gan-an, ogun ni?”

Arákùnrin mi ọ̀wọ́n, ẹ kú ìfaradà. Ìbéèrè mẹ́ta lẹ bi mí, ìkẹta ló sì wúwo jù lọ́kàn mi, nítorí àwọn tó ń gba aláìsàn nímọ̀ràn pé kó ṣe eré ìdárayá kì í sábà dúró dáhùn rẹ̀. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dá yín lóhùn lórí èyí àkọ́kọ́. Bẹ́ẹ̀ ni, eré ìdárayá jẹ́ ìtọ́jú fún ìsoríkọ́, ó sì yẹ kí dókítà máa kọ ọ́ fún aláìsàn bó ṣe ń kọ oògùn, pẹ̀lú ìwọ̀n, pẹ̀lú àkókò, àti pẹ̀lú ọjọ́ tí aláìsàn yóò padà wá kí wọ́n lè wò ó bóyá ó ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe da fluoxetine yín nù o. Mo mọ̀ pé ọ̀rẹ́ yín fẹ́ràn yín, àmọ́ nǹkan méjì tó yẹ kó máa rìn pọ̀ ló fẹ́ kó ìjà sí láàárín.

Ọ̀rọ̀ ọ̀lẹ ni kí a kọ́kọ́ yanjú, nítorí bí kò bá yanjú, kò sí ìmọ̀ràn eré ìdárayá tí yóò wọlé. Ọ̀lẹ ni ẹni tó lágbára láti ṣiṣẹ́ tí kò kàn fẹ́ ṣe é, tí oúnjẹ ń dùn mọ́ lẹ́nu, tó sì ń sùn dáadáa. Ẹni tí ìsoríkọ́ ń bá jà yàtọ̀ sí i pátápátá: ohun tó ti fẹ́ràn tẹ́lẹ̀ kò fà á mọ́ra mọ́, oorun sá fún un, ara rẹ̀ wúwo bí ẹni pé ó ru ẹrù tí ojú kò rí, ó sì ń dá ara rẹ̀ lẹ́bi lórí gbogbo rẹ̀. Orí gbígbóná tí ẹ sọ yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ àjèjì sí wa. Nílẹ̀ Yorùbá, púpọ̀ nínú àwọn tó ní àìsàn yìí kì í wá sọ pé inú àwọn bàjẹ́. Ohun tí wọ́n máa ń sọ ni pé orí ń gbóná, pé nǹkan ń rìn lára bí èèrà, pé àyà ń já, pé ara kò gbéra. Nítorí bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn ni wọ́n ti fún ní oògùn ibà léraléra kí ẹnikẹ́ni tó bi wọ́n bí ọkàn wọn ṣe rí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ìpínrọ̀ yìí han ìyàwó yín. N kò bá a wí, nítorí ẹni tó ń wo ọkọ rẹ̀ tó ń gbẹ lójú rẹ̀ láìmọ ohun tó ń ṣe é, ẹ̀rù ló sábà máa ń fi ìbínú sọ.

Ní ti ẹ̀rí, ibi tí mo máa ń gbà wọlé ni ìwádìí tí James Blumenthal àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ní Yunifásítì Duke, ní ìpínlẹ̀ North Carolina ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 1999. Wọ́n kó ènìyàn 156 jọ, àwọn tó ti pé ẹni 50 ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí dókítà sì ti yẹ̀ wò pé ìsoríkọ́ gidi ló ń ṣe wọ́n. Wọ́n pín wọn sí ọ̀nà 3 bí ẹní ṣẹ́ kèké: àwọn kan lo sertraline, tó jẹ́ ọmọ ìyá fluoxetine yín, àwọn kan ń rìn kánmọ́kánmọ́ tàbí kí wọ́n máa sáré díẹ̀díẹ̀ fún ìṣẹ́jú 30, lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀, lójú ẹni tó ń bójú tó wọn, àwọn ìyókù ṣe méjèèjì pọ̀. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ 16 fi pé, ìwọ̀n kan náà ni ẹgbẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fi sàn. Oògùn ló kọ́kọ́ ṣíwájú, nítorí àwọn tó ń lò ó tètè rí ìyàtọ̀ ní àwọn ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, kí àwọn tó ń rìn tó lé wọn bá. Ohun tó wá jọ mí lójú jù ni pé nígbà tí oṣù 10 pé láti ìbẹ̀rẹ̀, tí wọ́n padà lọ wo àwọn tó ti sàn, àwọn tó ṣe eré ìdárayá nìkan ni àìsàn náà kò fi bẹ́ẹ̀ padà sí lára.

Ní ọdún 2007, àwọn olùwádìí kan náà gbé òmíràn jáde. Ènìyàn 202 ló kópa nínú rẹ̀, wọ́n sì fi àwọn kan kún un tó jẹ́ pé hóró oògùn tí kò ní nǹkan kan nínú ni wọ́n ń gbé mì láìmọ̀. Lẹ́yìn oṣù 4, àìsàn náà ti fi 45 sílẹ̀ nínú 100 àwọn tó ṣe eré ìdárayá lábẹ́ àbójútó, 40 nínú 100 àwọn tó ń ṣe é nílé ara wọn, 47 nínú 100 àwọn tó lo sertraline, àti 31 nínú 100 àwọn tó lo hóró òfìfo náà. Ẹ wo iye tó kẹ́yìn yẹn dáadáa. Nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn tó jẹ́ pé hóró òfìfo nìkan ni wọ́n ń gbé mì ló sàn, bóyá nítorí pé wọ́n ní ìrètí, pé ẹnì kan ń béèrè wọn lóòrèkóòrè, àti pé ọjọ́ ń lọ. Èyí ni kò jẹ́ kí n máa sọ̀rọ̀ àsọdùn nípa oògùn tàbí nípa eré ìdárayá. Àǹfààní àwọn méjèèjì wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó kéré sí bó ṣe máa ń rí lójú ẹni tó wo àwọn tó sàn nìkan.

Bí mo bá dúró síbí, mo ti fi apá kan òtítọ́ pamọ́ fún yín. Ẹgbẹ́ Cochrane, tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti kó gbogbo ìwádìí lórí ọ̀rọ̀ kan jọ kí wọ́n sì gbé wọn sórí òṣùwọ̀n, kó ìwádìí 39 jọ lórí ọ̀rọ̀ yìí ní ọdún 2013, àwọn tó kópa nínú wọn sì jẹ́ 2,326. Lápapọ̀, wọ́n rí i pé eré ìdárayá ń dín ìsoríkọ́ kù níwọ̀ntúnwọ̀nsì, àti pé kò jọ pé oògùn tàbí ìtọ́jú tí a ń fi ọ̀rọ̀ sísọ ṣe sàn jù ú lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n yọ àwọn ìwádìí tí ètò wọn kò fẹsẹ̀ múlẹ̀ kúrò, tó ku 6 péré, àǹfààní náà súnkì débi pé ènìyàn kò lè fi ọwọ́ sọ̀yà pé ó wà. Ìṣòro kan wà níbẹ̀ tí kò ṣeé yẹ̀ sílẹ̀. A lè ṣe hóró oògùn òfìfo tí aláìsàn kò ní mọ̀, ṣùgbọ́n kò sí bí a ṣe lè mú ènìyàn rìn fún ìṣẹ́jú 30 kó má mọ̀ pé òun rìn, ẹni tó bá sì mọ̀ pé òun ń gba ìtọ́jú lè sọ pé ara òun ti yá ju bó ṣe yá lọ.

Ìwádìí mìíràn wà tí mo gbà pé ó kọ́ wa ju gbogbo ìyókù lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò yọrí sí ohun tí àwọn tó ṣe é ń retí. Ní Ẹ́ńgílándì, lágbègbè Bristol àti Exeter, wọ́n pín ènìyàn 361 tó ní ìsoríkọ́ sí méjì. Gbogbo wọn ń gba ìtọ́jú tí dókítà wọn ti ń fún wọn bọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n fún apá kan ní olùrànlọ́wọ́ tó ń bá wọn jíròrò, tó ń gbà wọ́n níyànjú, tó sì ń tì wọ́n lẹ́yìn kí wọ́n lè máa lo ara wọn sí i. Nígbà tí èsì jáde ní ọdún 2012, ìsoríkọ́ àwọn tó ní olùrànlọ́wọ́ kò dín ju ti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn lọ. Àwọn ìwé ìròyìn kan sáré kọ ọ́ pé eré ìdárayá kò wúlò fún ìsoríkọ́. Ohun tí èmi rí nínú rẹ̀ ni pé ìyànjú àti eré ìdárayá kì í ṣe ohun kan náà. Ní Duke, ẹnì kan ń dúró de aláìsàn ní ọjọ́ kan pàtó, ní wákàtí kan pàtó, wọ́n sì jọ ń ṣe é ni. Ní Bristol àti Exeter, ọ̀rọ̀ ni wọ́n bá a sọ, tí ó sì wá ku òun àti ara rẹ̀ tí kò gbéra. Bẹ́ẹ̀ náà ni “ẹ máa ṣe eré ìdárayá” tí dókítà yín sọ fún yín ṣe rí.

Àkójọ tó tóbi jù lọ tí mo mọ̀ jáde ní ọdún 2024 nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn BMJ. Ìwádìí 218 ló wà nínú rẹ̀, àwọn tó sì kópa lé ní 14,000. Rírìn tàbí sísáré díẹ̀díẹ̀, yóógà, àti ìdárayá tí ń mú iṣan le, irú bíi gbígbé irin, ló ṣe dáadáa jù nínú àwọn èyí tí ènìyàn púpọ̀ ti dán wò. Bí eré náà bá sì ṣe le tó ni àǹfààní rẹ̀ ń pọ̀ tó. Ijó jíjó gan-an yọrí ọlá, àmọ́ àwọn tí wọ́n fi dán an wò kéré jọjọ, nítorí náà n kò ní gbé e ga ju bó ṣe yẹ lọ. Àléébù àtijọ́ náà kò tíì kúrò, nítorí àwọn olùkọ̀wé náà fúnra wọn jẹ́wọ́ pé ìwọ̀nba díẹ̀ ni ìwádìí tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ láìkù síbì kan. Nígbà tí mo gbé gbogbo rẹ̀ pọ̀, ìdájọ́ tèmi ni pé ẹ̀rí tó wà tó láti fi tọ́jú ènìyàn, kò sì tó láti fi gba oògùn lọ́wọ́ ẹni tó nílò rẹ̀.

Ẹ ó ti gbọ́ pé èròjà kan máa ń tú jáde nínú ọpọlọ ẹni tó bá sáré, tí ń mú inú rẹ̀ dùn. Ó lè rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ìdùnnú wákàtí kan kò lè wo àìsàn oṣù 4. Èyí tí mo kà sí pàtàkì jù nínú ti ara ni pé oorun ẹni tó ń lo ara rẹ̀ máa ń jinlẹ̀ sí i, àti pé èròjà kan tí wọ́n ń pè ní BDNF, tí ń ran sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ lọ́wọ́ láti dàgbà kí wọ́n sì so mọ́ ara wọn, máa ń pọ̀ sí i nínú ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn eré ìdárayá. Ní ọdún 2011, àwọn olùwádìí ní Amẹ́ríkà ròyìn pé àwọn arúgbó tó rìn fún ọdún kan, nínú 120 tí wọ́n yẹ̀ wò, rí i pé apá ọpọlọ tí à ń pè ní hippocampus, tí à ń lò fún ìrántí, fi nǹkan bí 2 nínú 100 tóbi sí i, nígbà tó jẹ́ pé ti àwọn tó kàn ń na ara lásán ń súnkì. Àwọn tí wọ́n yẹ̀ wò yẹn kò ní ìsoríkọ́, nítorí náà ẹ má ṣe kà á sí ìwòsàn. Mo mẹ́nu bà á nítorí pé apá ọpọlọ yìí kan náà ló sábà máa ń kéré lára àwọn tí ìsoríkọ́ ti bá fínra pẹ́.

Àmọ́ ohun tí mo gbà pé ó ń ṣe iṣẹ́ tó pọ̀ jù kò fara sin sínú ẹ̀jẹ̀ rárá. Ẹ ronú padà sí oṣù 4 yẹn. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ìpàdé ẹgbẹ́ lẹ kọ́kọ́ pa jẹ, nítorí pé ó rẹ̀ yín. Lẹ́yìn náà, ẹ kò lọ síbi ìnáwó tí wọ́n pè yín sí. Nígbà tó yá, ẹ kì í gbé fóònù mọ́ bí ẹ̀gbọ́n yín bá pè. Ohun kọ̀ọ̀kan tí ẹ fi sílẹ̀ dín ìrẹ̀wẹ̀sì ọjọ́ yẹn kù díẹ̀, ṣùgbọ́n ó mú ohun kan tó lè fún yín láyọ̀ lọ pẹ̀lú, ara tí a kò sì lò ń di ara tó tètè ń rẹ̀, àárẹ̀ náà á sì tún di ìdí tí ẹ fi ń fi òmíràn sílẹ̀. Báyìí ni àìsàn náà ṣe ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ bọ́ ara rẹ̀. Ẹni tó bá dìde rìn dé oríta tó sì padà ti já okùn náà níbì kan, yálà ó gbádùn rẹ̀ tàbí kò gbádùn rẹ̀. Oòrùn kan ara rẹ̀, aládùúgbò kí i, ó sì ní ohun kan tó lè tọ́ka sí ní alẹ́ pé òun ṣe é lónìí.

Kí n padà sórí fluoxetine. Oògùn yìí kì í ṣiṣẹ́ ní ọjọ́ kan. Ọ̀sẹ̀ 2 sí 4 ló sábà máa ń gbà kí ènìyàn tó mọ̀ pé nǹkan ń yí padà, bí ara bá sì ti yá tán, a máa ń ní kí aláìsàn ṣì lò ó fún oṣù 6 ó kéré tán kí àìsàn náà má baà padà. Ẹni tó bá já àwọn oògùn ìdílé yìí sílẹ̀ lójijì lè rí òòyì, inú rírun, oorun tó dàrú, àti ìkanra tí kò nídìí, tí yóò sì rò pé àìsàn mìíràn ló dé. Ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìlànà ìtọ́jú tí àjọ NICE gbé jáde ní ọdún 2022 ka eré ìdárayá tí a ṣe lágbo mọ́ ìtọ́jú tí aláìsàn lè yàn, pàápàá fún ìsoríkọ́ tí kò le jù. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan kò bá lè jẹun mọ́, tí kò lè wẹ̀, tó ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́, ìwà ìkà ni kí a sọ fún un pé kó lọ sáré.

Kí ẹ lè mọ ibi tí ẹ dúró sí, ẹ bi dókítà yín nípa ìwé ìbéèrè PHQ-9. Ìbéèrè 9 ló wà nínú rẹ̀, wọ́n sì ń béèrè bí oorun, oúnjẹ, agbára, ìfẹ́ sí nǹkan àti èrò ọkàn ṣe rí láàárín ọ̀sẹ̀ 2 tó kọjá. Àmì rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti 0 títí dé 27, bó bá sì ṣe ga sí ni àìsàn náà ṣe le sí. Àwọn onímọ̀ dán an wò láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ní Ilé-Ifẹ̀, èsì wọn jáde ní ọdún 2006, wọ́n sì rí i pé ó wúlò lọ́dọ̀ wa níbí. Ẹ kọ àmì ti òní sílẹ̀, kí ẹ tún máa ṣe é lẹ́ẹ̀kan ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì, torí ẹni tí ìsoríkọ́ ń ṣe kì í sábà mọ̀ pé òun ti ń sàn. Àwọn ará ilé ló máa ń kọ́kọ́ rí i.

Ẹ ti béèrè bó ṣe yẹ kó pọ̀ tó. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ní ọdún 2020 pé kí àgbàlagbà máa fi ìṣẹ́jú 150 sí 300 lọ́sẹ̀ ṣe ìdárayá oníwọ̀ntúnwọ̀nsì, kó sì ṣe èyí tí ń mú iṣan le ní ọjọ́ 2 ó kéré tán. Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe fún ènìyàn 80 tó ní ìsoríkọ́ ní Amẹ́ríkà, tó jáde ní ọdún 2005, jẹ́ ká rí i pé ìwọ̀n ṣe pàtàkì: àmì àìsàn àwọn tó ṣe tó bí àwọn elétò ìlera ṣe là á sílẹ̀ fi 47 nínú 100 wálẹ̀, nígbà tí ti àwọn tó ṣe ìwọ̀n kékeré fi 30 wálẹ̀, èyí tí kò yàtọ̀ sí 29 ti àwọn tó kàn ń na ara. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe jẹ́ kí 150 yẹn dẹ́rù bà yín. Ìwọ̀n kékeré ni ẹnu ọ̀nà, èyí tó tóbi ni inú ilé, kò sì sí ẹni tó ń gba ojú fèrèsé wọlé. Fún ẹni tó ń bá ibùsùn jagun, ìṣẹ́jú 5 ni mo máa ń kọ fún ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́: láti ẹnu ilé dé oríta, kí ẹ sì padà, lójoojúmọ́. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ẹ sọ ọ́ di 10. Ẹ máa fi ìṣẹ́jú 5 kún un lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ títí tí yóò fi di 30, ní ọjọ́ 5 láàárín ọ̀sẹ̀. Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Nígbà tí ẹ bá ti dé 30, ẹ wá jẹ́ kí ìrìn náà yá. Òṣùwọ̀n rẹ̀ kò nílò ẹ̀rọ kankan: bí ẹ bá lè bá ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín sọ̀rọ̀ ṣùgbọ́n tí ẹ kò lè kọrin, ẹ ti wà níbi tó yẹ.

Báwo lẹ ṣe fẹ́ dìde? Ohun àkọ́kọ́ ni pé ẹ má ṣe dúró de ìgbà tí yóò wù yín. Ara wa ti mọ́ ọn lára pé kí nǹkan kọ́kọ́ wù wá kí a tó ṣe é, ṣùgbọ́n ìfẹ́ gan-an ni àìsàn yìí jí gbé, nítorí náà ìṣe ni yóò ṣáájú, tí ìfẹ́ yóò sì tẹ̀ lé e lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ohun kejì ni pé ẹ yan àkókò tó bá àìsàn yín mu, kì í ṣe èyí tí àwọn eléré ìdárayá ń yàn. Òwúrọ̀ ló sábà máa ń burú jù fún ẹni tó ní ìsoríkọ́, tí nǹkan á sì fúyẹ́ díẹ̀ bí ọjọ́ bá ń rọ̀. Bí tiyín bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ kó di aago 5 ìrọ̀lẹ́ lẹ́yìn iṣẹ́, kí ẹ má sì jókòó kí ẹ tó jáde, nítorí àga yẹn kò ní tú yín sílẹ̀ mọ́. Ẹ gbé bàtà yín sí ẹnu ọ̀nà. Ẹ yan ọ̀nà kan ṣoṣo kí ẹ má baà máa ronú ibi tí ẹ fẹ́ gbà, torí pé ìpinnu kékeré gan-an máa ń di òkè fún ọpọlọ tó ń ṣàárẹ̀. Bí ẹ bá dé ẹnu ọ̀nà tí ẹ kò lè lọ síwájú, ẹ dúró níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú 5 kí atẹ́gùn fẹ́ sí yín, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹ ṣe é.

Ohun kẹta ni mo gbẹ́kẹ̀ lé jù: ẹ má ṣe dá a ṣe. Nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéoyè Lámbò, dókítà àìsàn ọpọlọ, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ilé ìwòsàn Arò, ní Abẹ́òkúta, ní ọdún 1954, ó ṣètò pé kí àwọn aláìsàn máa gbé ní àwọn abúlé tó yí ilé ìwòsàn náà ká, kí mọ̀lẹ́bí kan sì máa bá aláìsàn gbé kó lè máa bójú tó o. Ó mọ̀ pé ẹbí wà lára ìtọ́jú. Ohun tí mo ń bẹ ìyàwó yín fún kò tó bẹ́ẹ̀, mo fẹ́ kó wọ bàtà tirẹ̀ ní aago 5, kó sì sọ pé, “Ó yá, ẹ jẹ́ ká lọ.” Kó má ṣe sọ pé, “Ẹ dìde, ẹ yéé ṣọ̀lẹ.” Kó má fi dandan gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu yín lójú ọ̀nà. Bí kò bá ráyè, ọmọ tàbí aládùúgbò lè ṣe é. Bí ẹsẹ̀ yín bá ti le díẹ̀, ẹ wá àwọn ẹgbẹ́ tó máa ń sáré tàbí tí wọ́n ń rìn pọ̀ ní òwúrọ̀ Sátidé rí; ẹ̀yìn wọn ni kí ẹ máa tẹ̀ lé, ẹ má ṣe bá wọn díje.

Ọ̀nà wa kì í ṣe ibi tí ó rọrùn láti rìn, mo mọ̀. Pápá ilé-ẹ̀kọ́ dára ju etí títì lọ, níbi tí ọ̀kadà ti ń kọjá lára ènìyàn. Ẹ yẹra fún oòrùn ọ̀sán, kí ẹ sì mu omi. Ní ìgbà òjò tàbí nígbà tí ọyẹ́ bá mú eruku wá, ẹ ṣe é nílé: ẹ jókòó sórí àga kí ẹ dìde lẹ́ẹ̀mẹ́wàá láìfi ọwọ́ ti ara yín, ẹ gbé ọwọ́ lé ògiri kí ẹ máa ti ara yín sẹ́yìn, ẹ gbé kẹ́ẹ̀gì omi kékeré ní ọwọ́ kọ̀ọ̀kan sókè sódò. Bí orin ìjọ tàbí orin jùjú bá lè mú yín jó, ẹ jó o.

Àwọn mìíràn tó bá ka èyí lè béèrè pé ta ni ó tún kù tí a fẹ́ sọ eré ìdárayá fún nínú àwọn tó ń ru ẹrù lọ́jà tàbí tó ń roko láti àárọ̀ dalẹ́. Ìbéèrè gidi ni. Àwọn tó kó ìwádìí jọ lórí rẹ̀ rí i pé ìdárayá tí ènìyàn fi ọwọ́ ara rẹ̀ yàn ló ń bá ìlera ọkàn rìn. Iṣẹ́ agbára tí a ń ṣe torí àtijẹ kì í fúnni ní àǹfààní kan náà, nígbà mìíràn pàápàá àwọn tó ń ṣe é ni ìrònú ń pọ̀ lára wọn. Ẹni bẹ́ẹ̀ kò nílò àfikún làálàá. Ìsinmi, àti ìṣẹ́jú mélòó kan tó jẹ́ tirẹ̀ nìkan pẹ̀lú ẹni tó fẹ́ràn, ni èmi yóò kọ fún un.

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ ríru yín. Ẹni ọdún 47 kò gbọdọ̀ fojú fò ó. Bí àyà bá ń dùn yín tàbí tí èémí ń há nígbà tí ẹ bá ń rìn, ẹ dúró, kí ẹ sì lọ sọ́dọ̀ dókítà. Àwọn tó ń lo amitriptyline, oògùn ìsoríkọ́ mìíràn tó pọ̀ lọ́dọ̀ wa, ní láti máa rọra dìde nítorí òòyì, kí wọ́n sì ṣọ́ra fún ooru torí pé oògùn yẹn ń dín òógùn ara kù. Bí ó bá sì ti ṣẹlẹ̀ sí yín rí pé inú yín dùn lódìlódì fún ọjọ́ púpọ̀, tí ẹ kò sùn, tí kò sì rẹ̀ yín, tí ẹ ń náwó ní ìnákúnàá, ẹ sọ fún dókítà yín kíákíá, nítorí ìtọ́jú irú ìsoríkọ́ yẹn yàtọ̀.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ẹ kò mẹ́nu bà, tí mo sì gbọ́dọ̀ béèrè: ṣé èrò pé ó sàn kí ẹ kú máa ń wá sí yín lọ́kàn? Bó bá ń wá, ẹ má ṣe dúró de ìrìn tàbí kí oògùn tó ṣiṣẹ́. Ẹ sọ ọ́ fún ìyàwó yín lálẹ́ òní, kó má fi yín sílẹ̀ ní ẹ̀yin nìkan, kó kó oògùn apakòkòrò àti àwọn oògùn tó pọ̀ kúrò nílé, kí ẹ sì jọ lọ sí ilé ìwòsàn. Àmì àìsàn ni èrò yẹn bí orí gbígbóná ṣe jẹ́ àmì, àwọn dókítà sì mọ bí a ṣe ń tọ́jú rẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ yìí, nígbà náà: ẹ lo fluoxetine yín bí wọ́n ṣe kọ ọ́, ẹ ṣe PHQ-9, kí ẹ sì rin ìṣẹ́jú 5 lọ́la ní aago 5 ìrọ̀lẹ́ pẹ̀lú ẹnì kan. Bí ẹ bá pa ọjọ́ kan jẹ, ẹ má san gbèsè rẹ̀. Ìṣẹ́jú tí ó kàn ọjọ́ kejì ni kí ẹ rìn. Bí ọ̀sẹ̀ 6 bá pé tí àmì náà kò sì tíì wálẹ̀, ẹ má ṣe kàn fi kún ìrìn. Ẹ padà lọ bá dókítà yín pẹ̀lú ìwé tí ẹ ti ń kọ àmì àti ìṣẹ́jú sí, kó lè tún ìwọ̀n oògùn wò, kó yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò bóyá ó tó tàbí bóyá ẹṣẹ́ ọ̀fun tí à ń pè ní thyroid ń ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ, kó sì sọ fún yín ibi tí ẹ ti lè rí ẹni tí yóò máa bá yín jíròrò.